Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Anẹ́mónì Tó Bá Clownfish Yín Mu

Ó ṣòro kéèyàn ra clownfish méjì sínú táńkì omi iyọ̀ kó má wá fẹ́ ra anẹ́mónì fún wọn lọ́jọ́ kan, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀, torí tó bá dalẹ́ tẹ́ ẹ bá rí bí ẹja kékeré yẹn ṣe ń gbé ara ẹ̀ sọ sáàárín ọwọ́ anẹ́mónì, tó ń yíra síbí tó ń yíra sọ́hùn-ún kó tó sùn, inú yín á dùn gan-an. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹranko ni anẹ́mónì o, kì í ṣe òdòdó. Ó lẹ́nu, ó lẹ́sẹ̀, ó ń jẹun, ó ń rìn, ẹnu kan náà tó fi ń jẹ ló fi ń ṣu, tó bá sì kú sínú táńkì yín tẹ́ ẹ ò tètè mọ̀, kíá ló máa jẹrà, ó sì lè pa gbogbo ohun tó kù níbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.

Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn ni pé ẹja tẹ́ ẹ ní ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ wá wo táńkì tẹ́ ẹ ní, lẹ́yìn ìyẹn lẹ tó máa wá wo anẹ́mónì. Ẹni tó bá fi àwọ̀ tó rẹwà ṣáájú, owó ẹ̀ ló máa bá omi lọ.

Àkọ́kọ́, ẹ bi ara yín bóyá ẹ nílò ẹ̀ rárá

Nínú òkun, clownfish tí ò bá ní anẹ́mónì, ẹja ńlá á ti gbé e mì tipẹ́. Ọwọ́ anẹ́mónì ń jóni bí èsìsì, ẹja míì ò jẹ́ sún mọ́ ọn, àmọ́ ohun tó ń yọ̀ yẹn tó bo ara clownfish ni kì í jẹ́ kó ta á, òun ló ṣe lè sọ ibẹ̀ di ilé. Nínú táńkì yín ńkọ́? Ta ló fẹ́ gbé e mì níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ clownfish tí wọ́n ń tà lóde òní, inú táńkì ni wọ́n ti bí wọn, òun àti ìyá ẹ̀ lè má fojú kan anẹ́mónì rí, síbẹ̀ ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ó ń yé ẹyin sára òkúta tàbí sára ìkòkò amọ̀ tẹ́ ẹ bá gbé síbẹ̀. Ara ẹ̀ le koko. Torí náà kò sí ohun tó ń lé yín. Tẹ́ ẹ bá ní láti dúró di ọdún tó ń bọ̀, ẹja yín ò ní kú nítorí ẹ̀.

Mo ń sọ èyí torí pé ẹ̀mí anẹ́mónì gùn jù bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ní Scotland, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Graham Dalyell mú anẹ́mónì kékeré kan létí òkun ní North Berwick lọ́dún 1828, ó fi sínú ìgò gíláàsì, ó ń pààrọ̀ omi fún un, òun fúnra ẹ̀ kú lọ́dún 1851, anẹ́mónì yẹn ò kú, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló lọ, wọ́n ń pè é ní Granny, ọdún 1887 ló tó wá kú. Irú ti Granny kì í ṣe irú tí clownfish ń gbé inú ẹ̀ o, àmọ́ ẹ ṣáà rí i pé tẹ́ ẹ bá tọ́jú nǹkan yìí dáadáa, ó ṣeé ṣe kó pẹ́ jù yín lọ, tó bá sì kú lọ́wọ́ yín lóṣù kejì, kì í ṣe ọjọ́ ogbó ló pa á.

Ẹ̀kejì, ẹ mọ irú clownfish tẹ́ ẹ ní

Nǹkan bí 30 ni oríṣi clownfish tó wà láyé, òkun Íńdíà, òkun Pàsífíìkì àti Òkun Pupa nìkan ni wọ́n sì ń gbé. Kò sí ìkankan nínú òkun Àtìláńtíìkì, ìyẹn ni pé bóyá Èkó lẹ wà o, bóyá Cotonou, bóyá Bahia tàbí Cuba, kò sí apẹja tó máa fi àwọ̀n gbé e jáde fún yín. Anẹ́mónì náà bẹ́ẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún oríṣi tó wà nínú òkun, àmọ́ mẹ́wàá péré ni clownfish ń gbé inú ẹ̀. Mẹ́wàá yìí, kì í ṣe pé gbogbo ẹja ló ń gba gbogbo wọn.

Nínú àwọn clownfish, Clarkii ni kì í ṣàwáwí, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń gbà. Maroon, èyí tó pupa bí ọtí wáìnì tó ní ẹ̀gún lẹ́rẹ̀kẹ́, anẹ́mónì tí wọ́n ń pè ní bubble tip nìkan ni nínú òkun, kò gba òmíràn. Tomato náà, bubble tip ló mọ̀. Saddleback fẹ́ràn àwọn tó ń gbé inú iyanrìn, ìyẹn anẹ́mónì haddoni carpet àti sebae. Pink skunk, anẹ́mónì magnifica ló fẹ́ràn jù. Wàyí o, ocellaris ńkọ́, ọlọ́sàn tó ní ìlà funfun mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló wà lọ́dọ̀ yín? Nínú òkun, magnifica, gigantea àti mertensii ló ń gbé inú wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣòro láti tọ́jú. Ibi tí ìròyìn ayọ̀ wà ni pé nínú táńkì, ọ̀pọ̀ ocellaris máa ń gba bubble tip bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í gbé inú ẹ̀ nínú òkun. Percula tó jọ ọ́ náà máa ń gbà á. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbà, a máa sọ̀rọ̀ débẹ̀.

Ẹ má kó oríṣi clownfish méjì sínú táńkì kan o. Wọ́n á jà, èyí tó le á pa èyí tí ò le. Akọ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá kéré, èyí tó tóbi jù ló máa di abo, kí ẹ ra méjì tó jẹ́ oríṣi kan náà, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, ìjà ò ní pọ̀.

Ẹ̀kẹta, táńkì yín ńkọ́?

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ anẹ́mónì ń kú sí.

Táńkì tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ má fi anẹ́mónì sí i. Tó bá pé ọdún kan, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ni pé táńkì tuntun ò tíì mọ ara ẹ̀, kòkòrò àìrí tó ń jẹ ìdọ̀tí ibẹ̀ ò tíì fìdí múlẹ̀, omi á dáa lónìí á bàjẹ́ lọ́la, kọ́rà kan (ẹranko òkun tó dà bí òkúta) lè fara dà á, ẹja lè fara dà á, anẹ́mónì ò ní fara dà á. Kí àmóníà àti nitrite, oró tó ń ti inú ìdọ̀tí jáde, jẹ́ òdo pátápátá. Kí nitrate, ohun tí wọ́n máa ń dà gbẹ̀yìn, má kọjá mílígíráàmù 10 nínú lítà kan. Kí iyọ̀ wà ní 1.025 tàbí 1.026, ìyẹn bí omi yẹn ṣe wúwo tó sí omi lásán, kẹ́ ẹ sì lo refractometer, ohun èlò tẹ́ ẹ máa kán omi sí láti fi wọn iyọ̀, ohun èlò tó ń léfòó yẹn lè parọ́ fún yín. Kí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ láàárín 25 sí 27 lórí Celsius, kí pH wà láàárín 8.1 sí 8.4, kí alkalinity, ìyẹn agbára tí omi fi ń di pH mú kó má yí, wà láàárín 8 sí 11 dKH. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí nọ́ńbà yẹn má máa fò sókè fò sílẹ̀, táńkì tó bá dúró sójú kan ní 8 dKH dáa ju èyí tó jẹ́ 8 láàárọ̀ tó di 10 lálẹ́. Omi ẹ̀rọ ò dáa fún un, omi RO/DI, tí wọ́n ti sẹ́ gbogbo èròjà kúrò nínú ẹ̀, ni kẹ́ ẹ fi po iyọ̀.

Iná tún wà níbẹ̀. Ewéko tíntìntín kan wà nínú ẹran ara anẹ́mónì tí ojú ò lè rí, iná ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ, wọ́n á wá fún anẹ́mónì nínú ẹ̀, òun náà sì ni wọ́n fi ṣe ilé. Tí iná ò bá tó, wọ́n á kú tàbí kí anẹ́mónì pọ̀ wọ́n jáde, á wá funfun báláú, ebi á máa pa á díẹ̀díẹ̀. Iná LED tí wọ́n ń tà fún ẹja lásán kò tó. Kó jẹ́ iná tí wọ́n ṣe fún kọ́rà. Tẹ́ ẹ bá rí mítà PAR, èyí tó ń wọn iná tí ewéko lè lò, yá lọ́wọ́ ẹnì kan, bubble tip máa ń ṣe dáadáa láàárín 150 sí 300, magnifica àti gigantea ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó ṣe tóbi tó: nǹkan bíi 150 lítà fún bubble tip kan, kó má kéré síyẹn. Carpet àti magnifica lè fẹ̀ tó mítà kan nínú òkun, nítorí náà ẹ má ronú kàn wọ́n láìní táńkì tó tó 400 lítà.

Ohun méjì tó kù tí mi ò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Ọ̀kan ni bàbà, oògùn tí wọ́n fi ń wo àrùn funfun tó máa ń yọ sára ẹja, bàbà ló pọ̀ nínú ẹ̀, bàbà sì máa pa anẹ́mónì, kódà òkúta tó ti mu ún lè máa tú u sómi padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, tó bá jẹ́ táńkì tokunbọ̀ lẹ rà, ẹ bi ẹni tó tà á bóyá ó ti lo oògùn bàbà nínú ẹ̀ rí. Èkejì ni pọ́ǹpù. Anẹ́mónì ń rìn, tó bá rìn dé ojú pọ́ǹpù tó ń fa omi, á fà á wọlé, á lọ̀ ọ́ kúnná, gbogbo omi á kún fún ẹ̀. Ẹ fi kàn-ìnkàn-ìn tàbí àwọ̀n bo ojú pọ́ǹpù kẹ́ ẹ tó mú un wálé, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti mú un wálé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, ẹ mọ ọ̀rọ̀ iná, pọ́ǹpù tó bá dúró fún wákàtí púpọ̀, afẹ́fẹ́ inú omi á tán, ẹ rí i dájú pé ìnfátà tàbí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì wà nílẹ̀ tó máa gbé e dalẹ́, tí kò bá sí, ẹja nìkan ti tó.

Ẹ̀kẹrin, èwo wá ni kẹ́ ẹ mú?

Fún ẹni tó bá jẹ́ pé èyí ni àkọ́kọ́, bubble tip ni. Mi ò ní ìdáhùn méjì. Orúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Entacmaea quadricolor, orí ọwọ́ ẹ̀ máa ń wú róbótó, ó wà ní àwọ̀ ewé, ó wà ní àwọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní rose, ó wà ní àwọ̀ rainbow, èyí tí wọ́n ń pè ní Black Widow sì pupa gan-an. Èyí tó wọ́n ò le ju èyí tí ò wọ́n lọ, ẹranko kan náà ni, àwọ̀ lẹ sanwó fún. Ìdí tí mo fi ń tì yín sí i ni pé ó máa ń pín ara ẹ̀ sí méjì nínú táńkì, nítorí náà ẹ lè rí èyí tí wọ́n pín nínú táńkì ẹlòmíì, tó ti mọ́ iná táńkì àti omi táńkì lára, tí kò sẹ́ni tó yọ ọ́ lára òkúta nínú òkun tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Èyí tó ti gbé nínú táńkì pẹ́ ni kẹ́ ẹ béèrè, ẹ bi wọ́n léèrè pé báwo ló ṣe pẹ́ tó lọ́dọ̀ wọn. Tí bubble tip ò bá ní bọ́ọ̀lù lórí ọwọ́, tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, kò túmọ̀ sí pé àìsàn ń ṣe é, ó máa ń yí padà bẹ́ẹ̀.

Long tentacle, ìyẹn Macrodactyla doreensis, iyanrìn ló ń fẹ́, kó jìn tó 10 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán kó lè ri ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Clarkii máa gbà á. Ocellaris lè má wò ó. Sebae rẹwà, àmọ́ èyí tí mo máa ń rí ní ṣọ́ọ̀bù sábà máa ń funfun, àwọn tó ń tà á á wá ní bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ẹ̀ rí, kò rí bẹ́ẹ̀, tí ara ẹ̀ bá yá, àwọ̀ rẹ́súrẹ́sú ni ó máa ń ní, èyí tó funfun yẹn ti pàdánù ewéko inú ẹ̀. Haddoni carpet máa ń ṣe dáadáa lórí iyanrìn, àmọ́ ó máa ń jẹ ẹja, kì í ṣe àsọdùn o, ẹja tó bá sùn sára ẹ̀ lóru, ẹ ò ní rí i láàárọ̀. Gigantea àti magnifica, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ti sin bubble tip fún ọdún mélòó kan.

Ẹ sì ṣọ́ra fún Condylactis. Òun ni owó ẹ̀ máa ń kéré jù ní ṣọ́ọ̀bù, ó funfun tàbí kó ní orí àwọ̀ àlùkò, ó wuni. Òkun Karíbíánì ló ti wá, clownfish ò sì mọ̀ ọ́n rí láyé, ó lè ta ẹja yín pa kó sì jẹ ẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó yín láyà jẹ, ẹ dúró síwájú táńkì yẹn kẹ́ ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹnu ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ó wà láàárín gbùngbùn. Kó dì, kó jẹ́ ihò tóóró tó pa pọ̀. Tó bá là sílẹ̀ yàà tẹ́ ẹ lè rí inú ẹ̀, tàbí tí nǹkan tó jọ ìfun ń yọ jáde níbẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀. Kó lẹ̀ mọ́ òkúta tàbí mọ́ gíláàsì, kó má ya, kó má sí ojú egbò níbẹ̀, ẹsẹ̀ tó ya ni ó ṣòro jù láti wò sàn. Èyí tó kàn ń yí kiri nílẹ̀ táńkì tí kò rọ̀ mọ́ ohunkóhun, ẹ fi sílẹ̀. Àwọ̀ wá ńkọ́: funfun báláú ò dáa, èyí tó mọ́lẹ̀ yòò bí ẹní pa á láró, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ búlúù, wọ́n ti pa òmíràn láró lóòótọ́ ni, aró yẹn ń dí iná mọ́ ewéko inú ẹ̀, kì í pẹ́ kú.

Tí wọ́n bá gbà yín láàyè, ẹ ní kí wọ́n fi nǹkan kékeré kan ọwọ́ ẹ̀. Kó lẹ̀ mọ́ ọn, kó fà á. Kẹ́ ẹ wá sọ pé kí wọ́n fún un ní edé kékeré kan lójú yín, èyí tára ẹ̀ dá máa ká ọwọ́ mọ́ ọn, á gbé e lọ sẹ́nu. Ṣọ́ọ̀bù tó bá kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀, tó tún sọ pé ọ̀sán yìí ló dé, ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tó bá ṣì wà láàyè tó ṣì ń jẹun, ẹ padà wá.

Kó tóbi tó ẹja yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá kéré jù, clownfish á fi ìfẹ́ pa á, á máa fi ara gbo ó, á máa fà á lọ́wọ́, kò ní jẹ́ kó ṣí. Abo maroon ló burú jù nídìí èyí.

Ẹ̀kẹfà, bẹ́ ẹ ṣe máa fi sílé

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi àpò ẹ̀ léfòó sínú táńkì títí omi méjèèjì á fi gbóná bákan náà, ẹ wá máa ro omi táńkì sí i tótó tótó fún bíi wákàtí kan. Ẹ má da omi ṣọ́ọ̀bù sínú táńkì yín. Kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ó lè ta yín, ẹ má sì fọwọ́ yẹn kan ojú.

Bubble tip ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú òkùnkùn, kí ọwọ́ òun wà nínú iná. Nítorí náà ihò tàbí pàlàpálá òkúta ni kẹ́ ẹ wá fún un, ní àárín táńkì, kó má sún mọ́ kọ́rà kankan torí ó máa ta wọ́n. Tẹ́ ẹ bá lè ya òkúta kan sọ́tọ̀ gedegbe láàárín iyanrìn fún un, ìyẹn ló dáa jù, kì í sábà fẹ́ rìn lórí iyanrìn kọjá. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sẹ́nu ihò yẹn, ẹ mú un jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi rí i pé ẹsẹ̀ yẹn ti ń lẹ̀, kì í ju ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n lọ, ẹ wá tan pọ́ǹpù padà díẹ̀díẹ̀. Bí iná yín bá le, ẹ dín in kù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ wá máa gbé e sókè.

Ó lè rìn. Ẹ jẹ́ kó rìn. Òun ló mọ ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, tó bá rí i, ó máa jókòó síbẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ẹ má fà á tu lára òkúta, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló máa ya. Ó tún máa ń fún pọ̀ lálẹ́, tàbí kó pọ nǹkan dúdú jáde lẹ́nu kó wá ṣí padà, ìgbẹ́ ni. Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni kó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kí ẹnu ẹ̀ là, kó máa já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó rùn. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má retí pé ó máa yá, ẹ gbé e jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ pààrọ̀ omi, ẹ fi èédú carbon tuntun sínú fílítà.

Ìkeje, ẹja ò fẹ́ wọlé

Ó lè wọlé láàárín wákàtí kan. Ó lè gbà á ní oṣù méjì. Òmíràn ò ní wọlé láé, pàápàá èyí tí wọ́n bí sínú táńkì, á fi anẹ́mónì sílẹ̀ á lọ máa gbé inú kọ́rà torch tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé òkúta anẹ́mónì sún mọ́ ibi tí ẹja ti máa ń sùn. Ẹ má fi àwọ̀n gbé ẹja sọ sí i o. Tó bá ń bọ̀, ẹ máa rí i: á kọ́kọ́ fi ìrù kàn án, á sáré padà, lọ́jọ́ kejì á fi ikùn kàn án, á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀, ara ẹ̀ ń mọ́ ọn lára nìyẹn, tó bá dalẹ́ ọjọ́ kan ẹ ò ní rí i níbi tó máa ń sùn tẹ́lẹ̀ mọ́.

Oúnjẹ, àti tó bá pín sí méjì

Edé tútù tí ẹ gé wẹ́wẹ́ tàbí mysis (edé òkun tíntìntín), lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó má ju èékánná ọmọdé lọ. Èyí tó bá tóbi jù, á pọ̀ ọ́ jáde láàárọ̀, á wá ba omi jẹ́. Tí clownfish bá ti ń gbé inú ẹ̀, ẹja yẹn fúnra ẹ̀ á máa gbé oúnjẹ wá fún un.

Lọ́jọ́ kan ẹ lè jí kẹ́ ẹ rí i pé ó ti di méjì. Ó lè jẹ́ pé ara ẹ̀ yá gan-an, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan kan ń yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà ẹ yẹ omi wò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má fún wọn lóúnjẹ títí ojú ibi tó ya á fi jinná tí ẹnu méjèèjì á fi wà láàárín gbùngbùn tó sì dì. Tí wọ́n bá ti ń jẹun dáadáa fún bí oṣù kan, tẹ́ ẹ wá fẹ́ fún ọ̀rẹ́ yín ní ọ̀kan, òkúta tó wà lórí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé pa pọ̀ mọ́ ọn fún un. Tí òkúta yẹn bá tóbi jù, ẹ fi yìnyín inú ọ̀rá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, kò fẹ́ òtútù, á tú ẹsẹ̀ ẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ wá fi ife gbà á.